Àánú Ojú Abẹ

Bí oníbàárà tuntun bá jókòó sórí àga mi, tí mo so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, tí ó sì rí abẹ tí mo ṣí lọ́wọ́, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń bẹ̀ mí fún: kí n jọ̀ọ́, kí n lo èyí tí kò mú jù. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ọ̀fun ni wọ́n fẹ́ gbé síwájú irin. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ yẹn ti gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ sínú mi láti ọdún pípẹ́, ó sì ju ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n lọ: níbo ni àánú wà nínú ohun tí wọ́n dá láti máa gé nǹkan? Ṣé kí ó dín mímú rẹ̀ kù ni àánú, àbí kí ó mú títí dé ibi tí mímú parí sí?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọwọ́ bàbá mi ni mo sì ti bá iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà létí òpópónà Warri–Sapele, kò jìnnà sí ọjà Igbudu, níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ epo ti ń fi fèrè bá ara wọn jà láti àárọ̀ dalẹ́. Urhobo ń jókòó sórí àga mi, Ìṣẹ̀kírì ń jókòó, Ìjọ̀ ń jókòó, Ìgbò àti Haúsá pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ àjàgbé bá ń bọ̀, ilẹ̀ á gbọ̀n, dígí ara ògiri á gbọ̀n, èmi á sì gbé abẹ kúrò lára ènìyàn títí yóò fi kọjá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti mọ̀ ọ́n: bí ọwọ́ Bàbá bá lọ sókè, táńkà ló ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ irin, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Abẹ tí bàbá mi lò, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ láti ẹ̀yìn títí dé ojú, ó sì wúwo lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ àwọn òyìnbó ṣe rí fún ìgbà pípẹ́. Ní ọ̀rúndún 19 ni àwọn oníṣẹ́ irin ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Solingen nílẹ̀ Jámánì sọ ọ́ di àṣà pé kí wọ́n máa fi òkúta tó ń yí bírí gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ abẹ wọ inú. Èyí tí wọ́n gbẹ́ díẹ̀ wà, èyí tí wọ́n gbẹ́ dé ìdajì wà, èyí tí wọ́n sì gbẹ́ kanlẹ̀ wà, tí irin ẹ̀yìn ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé bí o bá fi ẹ̀yìn èékánná tì í díẹ̀, wàá rí i tí ó tẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àpótí mi, Solingen ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 5/8 íǹṣì. Bí ó bá ń rìn lórí irùngbọ̀n, ó ń kọrin. N kò sọ àsọdùn o. Irin fẹ́lẹ́ yẹn ń gbọ̀n bí ó ti ń gé irun, ohùn rẹ̀ sì ń jáde sí mi létí, mo fi ń mọ ibi tí irun ti le, mo fi ń mọ ibi tí ó ti tán. Abẹ bàbá mi kì í sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́, ó wúwo, irùngbọ̀n kò sì tíì le tó èyí tí yóò mì ín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwa onígbàjámọ̀, ló gbà pé abẹ tí wọ́n gbẹ́ wọ inú ló mú jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ń pọn abẹ, ńṣe la ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí òkúta kí ẹ̀yìn àti ojú rẹ̀ jọ fara kan òkúta pọ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn ti nípọn sí àti bí abẹ ti fẹ̀ tó ló ń pinnu bí ojú yóò ṣe rí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í jìnnà sí dígírì 16 sí 18. Gbígbẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò fi nǹkan kún mímú rẹ̀, kò sì yọ nínú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ojú ló yí padà: irin tó nípọn tí kì í tẹ̀, tàbí irin fẹ́lẹ́ tó ń ròyìn ohun gbogbo fún ọwọ́ tó bá létí.

Mo ti fi abẹ bàbá mi fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ara mi, mo sì fi ti Solingen fá ti òsì, omi kan náà, ọṣẹ kan náà. Bí mo bá ti pọn àwọn méjèèjì bó ṣe yẹ, ara mi kì í mọ ìyàtọ̀, etí mi nìkan ló ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá kújú, kí ó tó rìn dé àgbọ̀n ni n óò ti mọ̀, nítorí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun dípò kí ó gé e.

Ibí yìí ni àwọn tó ń bẹ̀ mí fún abẹ tí kò mú ti ṣìnà. Abẹ tó mú kì í béèrè agbára lọ́wọ́ mi. Ìwúwo ara rẹ̀ tó o. Èyí tó kújú ni yóò ní kí n tẹ òun mọ́lẹ̀. Bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, awọ á wú síwájú rẹ̀, irun á dùbúlẹ̀ dípò kí ó gé, abẹ á há, á tún fò, yóò sì balẹ̀ síbi tí n kò rán an. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, láti ojú abẹ tó kújú ló ti wá.

Ìwé Oníwàásù ti mọ èyí tipẹ́. Nínú orí 10, ẹsẹ 10, ó fi yé wa pé ẹni tí kò pọn irin rẹ̀ yóò fi agbára san gbèsè náà. Músùlùmí ni èmi, ti Ànábì wa ló sì tún wọ̀ mí lára jù. Ó wà nínú àkójọ hadisi Muslim, Shaddad ọmọ Aws ló gbà á wá: Ọlọ́run sọ dáadáa ṣíṣe di ọ̀ranyàn nínú ohun gbogbo, débi pé ẹni tó fẹ́ pa ẹran gbọ́dọ̀ pọn ọ̀bẹ rẹ̀, kí ó má bàa fi ìyà jẹ ẹran náà. Mo ti gbọ́ wàásù lórí ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà, àwọn aáfà sì máa ń yára kọjá lórí ọ̀bẹ pípọn bí ẹni pé ẹ̀kọ́ fún alápatà ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ànábì kò ní kí a fi ohùn pẹ̀lẹ́ tu ẹran nínú, kí a wá fi ọ̀bẹ tó kújú rẹ́ ẹ lọ́rùn. Ara òkúta ìpọ̀bẹ ló fi àánú sí. Kí ẹran tó dé ọwọ́ rẹ ló yẹ kí o ti ṣàánú rẹ̀.

Àwọn baba wa fi iṣẹ́ wa sábẹ́ Ògún. Ògún kan náà tó ni ogun ló ni abẹ onígbàjámọ̀, wọ́n sì ní irun ni ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Bàbá mi ti lọ sí Mẹ́kà, kò sì bọ irin, síbẹ̀ kò jẹ́ fi irin ṣeré, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa búra lórí abẹ. Ó máa ń sọ pé idà kò mọ orí alágbẹ̀dẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí irin kò mọ ẹni tó rọ ọ́ pàápàá, a jẹ́ pé kò sí àánú nínú irin. Nínú ẹni tó dì í mú ni a ó ti wá a, ẹni náà sì lè jẹ́ onínúure kó má mọ nǹkan kan. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó ní ìwà tútù, tó ń bẹ̀rù àtiṣe ènìyàn léṣe, tí kò sì pọn abẹ dójú ìwọ̀n nítorí ìbẹ̀rù yẹn. Gbogbo ẹni tó fá ló dìde pẹ̀lú ojú pípọ́n.

Ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, oníwàásù kan máa ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dúró ní ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù mi, yóò máa pariwo mọ́ àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Effurun. Àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó mú kì í béèrè ariwo. Ẹni tó bá ń fi gbogbo ara ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú ènìyàn, kò tíì pọn ọ́n ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo mọ àwọn òbí tó ń bẹ̀rù láti sọ òótọ́ fún ọmọ wọn, tí wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ tó kújú rẹ́ ẹ lára díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, wọ́n á sì máa pè é ní sùúrù. Bàbá Ìṣẹ̀kírì kan jókòó lórí àga mi nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá bá a pé kó yá òun lówó òwò. Ó ní òun kò ní yá a, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, ó sọ ohun tí ọmọ náà yóò kọ́kọ́ ṣe kí òun tó dá a lóhùn mìíràn. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò tún un sọ. Ọmọ náà kò bínú jáde. Ó jókòó títí mo fi parí, ó sì bá bàbá rẹ̀ rìn lọ. Mo rò ó títí di alẹ́ ọjọ́ náà pé bàbá yìí ti pọn gbólóhùn wọ̀nyẹn sílé kó tó wá.

Ṣùgbọ́n mímú nìkan kò tó, èyí sì ni apá tí ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn òótọ́ kì í dé. Bàbá Urhobo kan wà tó fẹ̀yìn tì ní ilé ìfọpo Warri, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978. Bí ó bá wọlé, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ kí i ní "Migwo", òun náà á ní "Vrendo", á wá wá ibi jókòó. Abẹ tirẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ mi, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àpò rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, ọrùn rẹ̀ kún fún bọ́ǹpù láti àgbọ̀n dé egungun àyà. Ó rò pé abẹ ló pa òun lára. Kì í ṣe abẹ. Irun àwa adúláwọ̀ ni. Bí a bá gé e kanlẹ̀ ju awọ lọ, ṣóńṣó rẹ̀ á yí padà wọ inú awọ bí ó bá ti ń hù, awọ á bá a jà, á wú. Àwọn tó ń fá a tẹ́lẹ̀ máa ń fá a lòdì sí ibi tí irun dojú kọ kí ojú lè dán, òun náà sì fẹ́ràn dídán yẹn fún ọjọ́ kan.

Kí n tó fi omi kàn án, ìka mi á kọ́kọ́ rìn káàkiri ọrùn rẹ̀ ní gbígbẹ. Lábẹ́ àgbọ̀n lápá òsì, irun rẹ̀ ń dorí kọ etí. Lápá ọ̀tún ó ń lọ sókè. Níbi gògóńgò ó ń yí bírí, kò ní ọ̀nà kan pàtó. Lẹ́yìn náà ni mo tó fi aṣọ ìnura tí mo rì sínú omi gbígbóná bò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, nítorí irun tó mu omi yó máa ń rọ̀ gan-an, ojú abẹ á sì gba inú rẹ̀ kọjá láìjà. Ọṣẹ tẹ̀lé e. Ọwọ́ òsì mi á na awọ kí ó le, ọwọ́ ọ̀tún á gbé abẹ lé e ní nǹkan bí dígírì 30, n óò sì fá a gba ibi tí irun dojú kọ, ìrìn kúkúrú kúkúrú. Níbi gògóńgò, n óò ní kó gbé itọ́ mì kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kí awọ lè fà sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ni. N kì í padà gba òdìkejì. Bí ó bá fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn rẹ̀, yóò gbọ́ irun díẹ̀ lábẹ́ ìka, mo sì ti sọ fún un pé díẹ̀ yẹn ni ìlera ọrùn rẹ̀. Bọ́ǹpù náà lọ kí ọdún tó yí po.

Abẹ tó mú jù lọ, ọwọ́ tó sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. N kò rí àánú tó ju ìyẹn lọ nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ní Íńdíà ní ìtàn Upali, onígbàjámọ̀ àwọn ọmọ Sakya, tó tẹ̀lé Buddha, tó sì wá di ẹni tí wọ́n kà sí ọ̀gá nínú ìmọ̀ òfin àwọn mọ́ńkì. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Ta ló tún mọ ààlà tó ẹni tó ń fi abẹ rìn létí ọ̀fun lójoojúmọ́?

Ààlà mìíràn sì wà. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Olórí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì fẹ́ ẹ. Mo ti rò ó pé èyí ló sọ iṣẹ́ wa di ìjọsìn, nítorí ẹni tó bá fi orí rẹ̀ fún ọ, ohun tó yàn ní ọ̀run ló fi lé ọ lọ́wọ́. Láàárín 1997 sí 2003, nígbà tí Ìjọ̀, Ìṣẹ̀kírì àti Urhobo ń bá ara wọn jà ní Warri, tí ìjọba ń ṣe òfin kónílé-ó-gbélé, tí ọ̀pọ̀ ilé sì jóná, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí díẹ̀. Ọkùnrin Ìjọ̀ kan wọlé lọ́jọ́ kan, Ìṣẹ̀kírì kan sì ti wà lórí bẹ́ǹṣì tó ń dúró de tirẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọkùnrin Ìjọ̀ náà jókòó, ó dojú kọ òkè, ó ṣí ọ̀fun rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹni tí ìlú ní ó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé kí n pọn abẹ náà dáadáa. Lọ́jọ́ tí irin ń ba gbogbo ìlú lẹ́rù, òun kò bẹ̀ mí fún èyí tó kújú. Ó mọ̀ pé ewu kò sí nínú mímú. Mo fá a tán, ó dìde, èkejì jókòó sórí àga kan náà nígbà tí aṣọ ọrùn ṣì gbóná. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìpàdé àlàáfíà tí wọ́n ṣe nílùú yìí lẹ́yìn ìgbà náà. Ọjọ́ yẹn ni mo ń rántí.

Ọmọ tuntun ló ṣòro jù, nítorí olórí wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ àwa Músùlùmí, wọ́n á pè mí kí n wá fá irun tí ọmọ bá wáyé, ìwọ̀n irun náà ní fàdákà ni wọ́n sì ń ṣe sàráà. Ìyá àgbà kan á gbé ọmọ lé itan, á tẹ ẹnu mọ́ mi létí pé abẹ tí mo ti lò díẹ̀ ni kí n lò, kí ó má bàa wọ ọmọ lára. Lójú wa báyìí, àwùjẹ̀ ọmọ á máa sọ lábẹ́ awọ, á máa lọ sókè sódò. Abẹ fẹ́lẹ́ tuntun ni mo máa ń tú níwájú gbogbo wọn, n óò ṣẹ́ ẹ sí méjì, n óò fi ìdajì sínú èkù rẹ̀. Gillette gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ ìfárí rẹ̀ tó ń lo irú abẹ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1904. Fún àwa níbí, láti ìgbà tí ìròyìn éèdì ti dé Nàìjíríà ní 1986 ni ó ti di dandan pé abẹ kan kò gbọdọ̀ kan orí méjì, nítorí éèdì àti nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ran ènìyàn. Abẹ fẹ́lẹ́ kò ní ìwúwo kankan, ọwọ́ sì máa ń fẹ́ fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tí kò bá lè gba ọwọ́ ara rẹ̀ níyànjú kò gbọdọ̀ fá ọmọ tuntun. Lórí àwùjẹ̀, mímí ni mo máa ń dá dúró, abẹ náà yóò sì kàn rìn lórí ọṣẹ.

Ní 2020, àwọn onímọ̀ kan ní MIT ní Amẹ́ríkà wo bí abẹ ṣe ń kújú, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Irun ènìyàn rọ̀ ju irin abẹ lọ ní ìlọ́po 50, síbẹ̀ irun náà ni ó ń ya ojú abẹ. Bí irun bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó sì bá ibi tí irin kò dọ́gba pàdé, irin á fọ́ níbẹ̀. Mo ka èyí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nítorí wọ́n rò pé abẹ tí a pọn lánàá ti pọn tán. Kò sí abẹ tó pọn tán. Kí n tó ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo máa ń na abẹ kọ̀ọ̀kan mọ́ awọ, ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ tẹ̀lé e, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Mo máa ń fi ìyẹn bẹ Ọlọ́run pé kí Ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jìyà àìmúra mi lónìí. N kò mọ àdúrà tó péye ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kílípà ti gba ìgboro báyìí, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ onígbàjámọ̀ láti Enerhen títí dé ìsàlẹ̀ Warri kò sì di abẹ mú rí àfi kí wọ́n fi gé etí irun. Ó dùn mí. Ọmọ tí kò pọn nǹkan rí ni yóò di bàbá, yóò di aáfà, yóò di adájọ́, yóò sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò gbé lé ọrùn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ wá kọ́ ọ. Òkúta méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi àti awọ kan tí bàbá mi fi sílẹ̀. N kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá kọ́ bí a ṣe ń pọn abẹ, mo sì máa ń wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.